Bí Ẹ Ṣe Lè Para Pọ̀ Ṣe Káàtúùnù Ìkíni Ọdún ní Òṣogbo

Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn ọmọ tó ń yàwòrán nílùú yìí máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, àwa mẹ́rin la fẹ́ ṣe káàtúùnù kékeré kan tá a máa fi kí àwọn èèyàn kú ọdún. Láptọ́ọ̀pù kan ló wà láàárín wa. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?"

Ohùn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwòrán. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń sáré dì mọ́ pẹ́ńsù, kálukú á ya èyí tó wù ú, ó wá di àìsùn ọdún kí wọ́n tó rí i pé apá tí ẹnì kan yà gùn ju ti ẹnì kejì lọ, ohùn ò bá ẹnu mu, ọmọ tó wọ búbà aró níbẹ̀rẹ̀ sì ti wọ pupa lójijì.

Iléyá ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀, torí pé àgbò wà níbẹ̀, àgbò ló sì máa ń dá ayàwòrán lágara jù. Tó bá jẹ́ Kérésì, Ìtúnu Ààwẹ̀ tàbí ọdún tuntun lẹ fẹ́ ṣe, ọ̀nà kan náà ni.

## Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fóònù kan tó ń gba ohùn dáadáa.
- Kọ̀ǹpútà kan, ó kéré tán. Tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ 4GB péré, 1280×720 ni kẹ́ ẹ ti ya àwòrán, kó má baà máa dì.
- Áàpù ìyàwòrán ọ̀fẹ́ kan: Krita, OpenToonz, Pencil2D tàbí Blender. Lórí fóònù, FlipaClip rọrùn, àmọ́ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ fídíò yín.
- Audacity fún ohùn, Kdenlive tàbí DaVinci Resolve fún ìtòpọ̀. Tí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára, ẹ fi Resolve sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo Kdenlive.
- Fíláàṣì méjì. Kan máa rìn, èkejì á jókòó sílé.
- Àgbàlagbà kan tó máa wo iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú.

Kò pọn dandan kí gbogbo yín lo áàpù kan náà. Ẹni tó mọ Krita kó lo Krita, ẹni tó mọ Blender kó lo Blender. Ohun tó gbọ́dọ̀ dọ́gba ni ohun tí kálukú máa gbé sílẹ̀: fáìlì àwòrán PNG tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, ìwọ̀n kan náà, iye fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń kọjá lójú nínú fídíò) kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

## Ẹ jẹ́ kó kúrú

Ẹ wo ìṣirò yìí dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ pé ìṣẹ́jú kan lẹ fẹ́ ṣe.

Fírémù 24 ló máa ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ lè fi àwòrán kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún fírémù méjì, ìyẹn ni pé àwòrán 12 lẹ máa yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í kà á sí. Nítorí náà:

- Ìṣẹ́jú àáyá 20 jẹ́ àwòrán 240.
- Ìṣẹ́jú àáyá 30 jẹ́ àwòrán 360.
- Ìṣẹ́jú kan gbáko jẹ́ àwòrán 720.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, 240 túmọ̀ sí 60 fún ẹnì kan, ìyẹn ṣeé ṣe fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé. 720 kò ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí, títí kan àwọn tó ti ṣe é rí.

Àpẹẹrẹ tá a máa lò rèé:

1. Abala kìíní (ìṣẹ́jú àáyá 5): Àgbò wà níwájú ilé onípáànù tó ti dípẹtà, ó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Orí ọmọ méjì yọ lẹ́yìn ògiri.
2. Abala kejì (4): Àwọn ọmọ náà sáré jáde nínú aṣọ ọdún.
3. Abala kẹta (6): Wọ́n kí Ìyá Àgbà. Ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin kúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ kú ọdún o!" Ìyá dáhùn: "Ọdún á yabo, ẹ̀yin ọmọ mi. Àṣèyí ṣàmọ́dún!"
4. Abala kẹrin (5): Gbogbo ilé kọjú sí wa, ìlù dún, àkọlé jáde.

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ fi abala karùn-ún kún un gbọ́dọ̀ sọ èyí tó máa yọ.

## Ẹ pín iṣẹ́, ẹ sì kọ àdéhùn sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo yín ló máa ya ojú èèyàn. Ẹni tó mọ ojú yà kó ya ojú, ẹni tó mọ ilé àti igi yà kó ya ẹ̀yìn àwòrán, ẹni tó ní sùúrù kó kun àwọ̀, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó dára jù kó to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnì kan ṣe olórí. Iṣẹ́ olórí ò ju pé tí ẹni méjì bá ń jiyàn lórí àwọ̀ fìlà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ labẹ́ gé.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí sínú ẹgbẹ́ yín lórí WhatsApp, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i:

- Orúkọ ta ló máa ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ ìparí? (Ẹ to orúkọ ní a-b-d, ìjà á tán.)
- Ta ló ni fáìlì lẹ́yìn ọdún?
- Tí onílé ìtajà kan ní Òkè-Fìà bá ní òun fẹ́ sanwó kẹ́ ẹ fi orúkọ ilé ìtajà òun sí i, báwo lẹ ṣe máa pín owó náà?
- Ẹni tó bá já iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọ̀nà ńkọ́?

Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń pa àwọn ọmọ lẹ́rìn-ín títí oníbàárà á fi dé lóòótọ́.

## Ohùn la kọ́kọ́ ń ṣe

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Tí ohùn bá ti wà nílẹ̀, kálukú mọ fírémù tó ti máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó máa parí sí, ẹ sì lè wà nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iṣẹ́ yín pàdé láìsí gbọ́nmi-si-omi-ò-to.

Gbígba ohùn

1. Ẹ wá iyàrá tí aṣọ pọ̀ nínú rẹ̀. Iwájú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó ṣí sílẹ̀ dára. Pálọ̀ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ á máa dáhùn padà.
2. Ẹ pa fáànù. Ẹ dúró kí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sinmi. Ìdájí dára jù, kí ìrun àsùbáà tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó bá ti parí.
3. Ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kó jìnnà tó ìbú ọwọ́ kan. Tó bá wà níwájú ẹnu gan-an, afẹ́fẹ́ p àti gb á máa gbá a.
4. Ẹ jẹ́ kó gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Audacity máa fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn mọ ariwo iyàrá, tẹ́ ẹ bá ní kó yọ ọ́ (Noise Reduction ni kẹ́ ẹ tẹ̀).
5. Ẹ gba gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: kan pẹ̀lẹ́, kan pẹ̀lú ayọ̀, kan bíi pé ẹ ń pariwo sí ẹni tó wà lódìkejì títì.
6. Ẹ fi pamọ́ ní WAV, 48000 Hz.

Ìkìlọ̀: ẹ má lo ohùn WhatsApp. Ó máa ń fún ohùn pọ̀ débi pé kò sí ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí i tó máa dún bí ohùn èèyàn mọ́. Tó bá jẹ́ pé ìyá àgbà gidi lẹ fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ní abúlé, kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn gbà á pẹ̀lú áàpù ìgbohùn, kó sì fi ránṣẹ́ bíi document.

Bí ẹ bá lo ohùn ọmọdé, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní i lákọsílẹ̀, kódà kó jẹ́ àbúrò yín.

Ìlù

Ẹ má gbé orin olókìkí kan sórí rẹ̀. Copyright Act ti ọdún 2022, ìyẹn òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́-ọnà, ò gbà á láìsí àṣẹ, YouTube àti Facebook náà sì lè pa ohùn fídíò yín lẹ́nu mọ́. Onílù pọ̀ nílùú wa yìí. Ẹ bẹ onídùndún kan, ẹ sanwó fún un, kó lu ìkíni yín fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ẹ sọ gbólóhùn náà fún un kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ fi dùùrù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe orin, ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀:

- Ẹ kú ọdún: re mí re mí
- Ẹ kú ìyèdún: re mí dò dò mí

Tí orin bá lọ sílẹ̀ níbi tí "kú" ti yẹ kó gòkè, etí ẹni tó gbọ́ Yorùbá á ta kìjí, bí ò tilẹ̀ lè sọ ohun tó fà á.

Síṣàmì sí àkókò

Ẹ ṣí ohùn tẹ́ ẹ ti tò nínú Audacity, kẹ́ ẹ lo àmì (label) láti kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 24 sọ ìṣẹ́jú àáyá náà di púpọ̀, fírémù nìyẹn. Tí "Ìyá Àgbà" bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.5 nínú abala kẹta, fírémù 36 ni ohùn ọmọ náà ti máa dún. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ yìí sílẹ̀ fún gbogbo ayàwòrán. Látìgbà yìí lọ, ẹ má fọwọ́ kan ohùn mọ́. Bí ẹ bá gé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kúrò lẹ́yìn tí wọ́n ti yàwòrán, iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan lẹ gé dànù.

## Storyboard àti animatic

Ẹ ya àwòrán kékeré fún abala kọ̀ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Kò pọn dandan kó rẹwà. Ẹ fi fóònù yà á, ẹ tò ó sórí ohùn, kẹ́ ẹ wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tí wọ́n ń pè ní animatic nìyẹn. Ẹ fi han ẹnì kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́. Tí ẹ bá ní láti ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un, ẹ tún un yà kó tó di pé ẹ kun àwọ̀ sí i.

Ìgbà yìí náà lẹ máa pinnu bóyá fídíò máa dúró lóòró tàbí kó dùbúlẹ̀. Fún status WhatsApp, 1080×1920 ni. Fún ojú tẹlifíṣọ̀n ní ilé tàbí ibi ayẹyẹ, 1920×1080 ni. Ẹ yan ọ̀kan. Ẹni tó bá ní òun máa ṣe méjèèjì nígbà kan náà, ẹ bi í bóyá òun ló máa ya ẹ̀yìn àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì. (Láptọ́ọ̀pù 4GB tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 720×1280 ni tiyín lóòró.)

## Ojú kan, ọwọ́ mẹ́rin

Kí Ìyá Àgbà má baà dàgbà sí i láàárín abala kẹta sí ìkẹrin, ẹ ṣe ìwé àwòṣe kan fún olúkúlùkù èèyàn inú káàtúùnù náà:

1. Ẹni náà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn.
2. Gíga rẹ̀ ní iye orí. Ọmọdé orí mẹ́ta, Ìyá Àgbà orí márùn-ún, fún àpẹẹrẹ.
3. Ojú mẹ́rin: ayọ̀, ìyàlẹ́nu, ìtìjú, ojú pípa dé.
4. Àwọ̀ gbogbo nǹkan, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọ̀ inú áàpù. Ẹ má kọ "aró" lásán. Òṣogbo ìlú aró ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n aró inú Krita mi kì í ṣe aró inú fóònù tìẹ.

Àwọ̀ mẹ́fà tó fún gbogbo fídíò náà. Fún ẹ̀yìn àwòrán, ẹ lè ya fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan kẹ́ ẹ fi ṣe ojú ọ̀run tàbí ògiri. Ó máa ń rẹwà ju ojú ọ̀run búlúù tí gbogbo ayé ń lò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aláṣọ tó ya àdìrẹ náà kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ sì lè wo iṣẹ́ àwọn àgbà oníṣẹ́-ọnà ìlú wa bíi Twins Seven-Seven àti Jimoh Buraimoh láti kọ́ bí ilà ṣe ń gbé ara lé ilà, àmọ́ ẹ má da àwòrán wọn kọ. Ní ti Igbó Ọ̀ṣun, kì í ṣe ibi tí àgbò káàtúùnù ti ń sáré. Ẹ mú ojú títì, ọjà tàbí àgbàlá ilé yín lò.

## Ìyàwòrán, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

1. Ẹ gba ohùn abala tiyín nìkan sínú áàpù.
2. Ẹ ya àwọn ìdúró tó ṣe kókó: ìbẹ̀rẹ̀, àárín, ìparí. Ẹ fi wọ́n sórí fírémù tí ohùn sọ.
3. Ẹ ṣe fídíò kékeré rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ẹ má tẹ̀ síwájú kí olórí tó fọwọ́ sí i.
4. Ẹ ya àwọn àwòrán tó wà láàárín.
5. Ẹ fọ ilà mọ́, ẹ kun àwọ̀.
6. Ẹ gbé e jáde ní PNG.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni wọ́n máa ń fò. Ẹni tó bá fò ó ló máa ń tún àwòrán ọgọ́ta yà.

Àgbò. Ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń rìn máa ń dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń wà lójú títì. Ẹ ya ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ ya àgbọ̀n rẹ̀ lọ́tọ̀. Àgbọ̀n àgbò kì í lọ sókè sódò bíi tèèyàn, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń gbà lọ tó ń gba èkejì bọ̀. Àwòrán àgbọ̀n mẹ́jọ tó ń yí po tó fún gbogbo abala kìíní. Ẹ fi etí tó ń mì lẹ́ẹ̀kan kún un, ó ti wà láàyè nìyẹn.

Ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ á kọ́kọ́ na ara sókè díẹ̀ kó tó lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ nínà yẹn kúrò, ńṣe ló máa dà bí ẹni tó ṣubú. Àwòrán mẹ́jọ fún lílọ sílẹ̀, kó sì dúró nílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má jẹ́ kó tètè dìde: Ìyá Àgbà ò tíì dáhùn.

Aṣọ. Agbádá lẹ́wà, ìyà ló sì jẹ́ láti yà. Apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé ọwọ́, kó sì pẹ́ ju ọwọ́ lọ ní fírémù méjì sí mẹ́ta. Ẹ wọ búbà alápá kúkurú fún àwọn ọmọ tó ń sáré. Ẹ fi agbádá wọ Bàbá tó dúró sẹ́yìn ní abala kẹrin tí kò ní gbé ọwọ́. Gèlè Ìyá Àgbà ò ní wàhálà, ó kàn ń bá orí lọ ni.

## Ẹnu tó ń sọ Yorùbá

Àwọn àwòrán ẹnu tẹ́ ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọn ò ní gb, wọn ò sì ya ẹ sọ́tọ̀ kúrò lára e. Ẹ ya tiyín, mẹ́jọ péré:

- m, b, p, gb: ètè pàdé pátápátá. Ẹ má fò ó rárá, ó kéré tán fírémù méjì.
- f: eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀.
- a: ẹnu là gbàgà.
- ẹ: ẹnu là, ètè fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.
- e, i: ẹnu là díẹ̀, ètè fẹ̀.
- ọ: ẹnu là, ètè ká.
- o, u, w: ètè ká, ó yọ síwájú.
- ìyókù (d, t, k, g, l, r, n, s, ṣ, j, y, h): ẹnu là díẹ̀, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ ò ní láti ya ẹnu fún gbogbo lẹ́tà. "Ẹ kú ọdún o" ń gba ẹnu ẹ, u, ọ, u, o. Níwọ̀n bí u àti o ti ń lo ẹnu kan náà, àwòrán mẹ́ta tó o. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ṣí ní fírémù kan tàbí méjì kí ohùn tó dún. Tó bá pẹ́ lẹ́yìn ohùn, ojú á rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

## Fáìlì, dátà àti iná

Ẹ sọ fáìlì lórúkọ báyìí: ILEYA_03_0045.png. Abala kẹta, fírémù 45. Nọ́ńbà mẹ́rin ni, kí fírémù 2 má baà lọ bọ́ sẹ́yìn fírémù 10. Fún fáìlì iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kọ v1, v2, v3. Ẹni tó bá kọ "ìparí", lẹ́yìn náà "ìparí gan-an", tó tún wá kọ "ìparí tuntun", kó sanwó búrẹ́dì fún ẹgbẹ́.

- Fídíò àyẹ̀wò: 640×360 tàbí 360×640, lórí WhatsApp. Dátà díẹ̀ ló ń jẹ.
- PNG gidi: sínú fíláàṣì. Ẹ pàdé ní ibi tó sún mọ́ gbogbo yín, Ọláìyá tàbí Freedom Park ní Old Garage, kẹ́ ẹ gbé fíláàṣì fún ara yín. Owó ọkọ̀ lè kéré sí owó dátà.
- Ẹ̀dà kan máa ń wà nílé. Fíláàṣì tó ń rìn kiri máa ń sọ nù.
- Ẹ tan ìfipamọ́ aládàáṣe inú áàpù, kẹ́ ẹ sì fi sí ìṣẹ́jú márùn-ún. Iná ò ní kàn sí yín kó tó lọ.

## Àkọlé orí fídíò

Ìkíni tí àmì rẹ̀ ò pé máa ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́, àwọn àgbà sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí i. Gboard ní Yorùbá, ẹ fi kọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó yan irú lẹ́tà, ẹ tẹ èyí sínú rẹ̀: ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ. Tí àmì bá fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tí àpótí òfìfo bá jáde, ẹ yan òmíràn. Noto Sans, Gentium àti Charis SIL máa ń gbé e dáadáa. Àwọn lẹ́tà olódòdó tó wuni yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ àmì ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀ṣọ́ dandan, ẹ fi ọwọ́ yín ya àkọlé náà.

Ẹ jẹ́ kí àkọlé dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó kéré tán. Ẹ má kọ ọjọ́ Iléyá sí i: oṣù ni wọ́n máa ń wò. Ọdún tí ẹ ṣe é, ẹ fi sí ìpele tirẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ lè yí i padà lẹ́ẹ̀mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbò. Tó bá di Kérésì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi adìẹ sí i. Ìyá Àgbà ò ní bínú. Tẹ́ ẹ bá sì fi iná aláràbarà kún ti Kérésì, kó má tàn-kú-tàn-kú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí ó lè fa gìrì fún àwọn tó ní wárápá.

## Ìtòpọ̀ àti ìgbéjáde

1. Ẹ fi ohùn sílẹ̀ kọ́kọ́ nínú Kdenlive, fírémù 24.
2. Ẹ gbé abala mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé e. Tí ẹ bá ti tẹ̀lé àkọsílẹ̀ fírémù, 120, 96, 144 àti 120 ni, àròpọ̀ 480. Tí kò bá jẹ́ 480, ẹnì kan ti ṣì í kà. Ẹ má nà án, ẹ dá a padà fún un.
3. Ẹ gbé e jáde ní MP4, H.264. Tí ẹ bá lo 5 Mbps, ìṣẹ́jú àáyá 20 á wúwo tó bíi 12.5 MB.
4. Ẹ wò ó lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, láìlo gbohùngbohùn etí.
5. Ẹ pe àgbàlagbà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wo ojú wọn. Wọ́n á rí ọmọ tó na ọwọ́ òsì sí Ìyá Àgbà, wọ́n á rí ọkùnrin tó kí wọn lóòró, wọ́n á gbọ́ "o" níbi tó yẹ kó jẹ́ "ẹ". Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe.
6. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí bíi document, kí WhatsApp má baà fún un pọ̀. Status nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fún.

## Àwọn àṣìṣe tó máa ń wáyé

- Àwòrán ti pé, ohùn ò tíì sí.
- Ayàwòrán kan lo fírémù 30, ìyókù lo 24. Fóònù ló máa ń fa èyí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó ya ilà kan.
- Ojú kì í ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin.
- Gbogbo nǹkan ń mì nígbà kan náà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ni kó mì.
- Wọ́n parí rẹ̀ ní òru ọdún. Ó yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí oṣù Iléyá tó lé, ìyẹn ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú.

## Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà rárá

Ẹ gé àwọn èèyàn náà láti inú páálí, kẹ́ ẹ gba àjákù ańkárá lọ́dọ̀ télọ̀ àdúgbò yín, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn lára. Apá àti ẹsẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ fi òwú so wọ́n lẹ́yìn. Ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì, kẹ́ ẹ so fóònù mọ́ òkè, kó máa wolẹ̀ tààrà. Stop Motion Studio wà lórí fóònù fún un. Fọ́tò 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sún nǹkan díẹ̀díẹ̀ láàárín fọ́tò kan sí èkejì.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ìmọ́lẹ̀ àti ojú kámẹ́rà fóònù náà pa sí ibì kan, kó má máa yí fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí oòrùn ń rìn, òjìji á sì máa bá a rìn nínú fídíò yín. Iná tọ́ọ̀ṣì méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ti tó. Kí ẹni tó ń sún páálí yàtọ̀ sí ẹni tó ń tẹ fóònù, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kẹta máa ka fírémù sókè. Tẹ́ ẹ bá parí abala kan, ẹ má tíì tú nǹkan ká lórí tábìlì; ẹ kọ́kọ́ wò ó pẹ̀lú ohùn, torí tí ọwọ́ ẹnì kan bá hàn nínú fọ́tò mẹ́ta láàárín, ibẹ̀ nìkan lẹ máa tún yà.